Ìdí tí géèmù tó ń pa mí ṣáá fi ṣì ń wù mí gbá

Àwọn tí ò gbá a rí máa ń rò pé àwa tá a fẹ́ràn àwọn géèmù roguelike yìí, ìyẹn géèmù kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti kú nínú ẹ̀, ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀, ìyà ló ń dùn mọ́ wa. Wọ́n á rí i pé ẹ ti jókòó tì í fún wákàtí méjì, ọkùnrin inú géèmù ti ní idà tó mú, ó ti wọ ẹ̀wù irin, ara ẹ̀ le koko, àfi gbì, ó kú, gbogbo ẹ̀ pòórá, géèmù wá dá yín padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, ẹ ò wá ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n á ní kí wá ló dé tẹ́ ẹ tún ń tẹ bọ́tìnnì kẹ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ òmíì. Ìbéèrè gidi ni, mi ò bínú sí i, èmi náà ti bi ara mi rí. Ohun tí mo rí fèsì ni pé ìyà ò dùn rárá, ẹni tó bá ní ó dùn, irọ́ ló ń pa. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé gbogbo ìgbésẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé ló ní ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan yí padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbé e.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Rogue lorúkọ géèmù tí gbogbo ìyókù ń jẹ́ orúkọ mọ́. Michael Toy àti Glenn Wichman ló ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1980, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n nígbà yẹn ní yunifásítì Kalifóníà tó wà ní Santa Cruz, Ken Arnold wá dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Orí Unix, ìyẹn ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ti ń gbá a, kò sí àwòrán kankan, lẹ́tà àti àmì lásán ló kún ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ @, àwọn ẹranko abàmì tó fẹ́ pa yín ni lẹ́tà A dé Z, iṣẹ́ yín ni pé kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ìpele 26 lábẹ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ mú ońdè kan tó ń jẹ́ Amulet of Yendor, kẹ́ ẹ gbé e jáde láàyè. Ohun tí wọ́n ń wá ni géèmù tó lè ya àwọn fúnra wọn tí wọ́n ṣe é lẹ́nu, torí àwọn géèmù ìtàn kíkà tó wà láyé ìgbà yẹn, tẹ́ ẹ bá ti parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó ti tán nìyẹn, ẹni tó sì kọ ọ́ ò lè gbádùn ẹ̀ láé torí ó ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Ni wọ́n bá ní kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ máa to yàrá àti ọ̀nà inú ihò náà lákọ̀tun nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ gbá a. Séèfù wà o, ẹ lè dá a dúró kẹ́ ẹ lọ sùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kú, séèfù ti lọ, kò sí pé ẹ tún ń padà sí bó ṣe wà lánàá.

Ọ̀rọ̀ ikú yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, wọ́n á gbàgbé ti àtúntò. Èmi ò rò pé ọ̀kan lè dáa láìsí èkejì. Tó bá jẹ́ ihò kan náà là ń wọ̀ lójoojúmọ́ tá a tún wá ń kú padà síbẹ̀rẹ̀, àkọ́sórí lásán nìyẹn, ọwọ́ á kàn mọ̀ ọ́n ni. Tó bá sì jẹ́ pé ihò ń yí padà àmọ́ ikú ò mú nǹkan kan dání, kò sẹ́ni tó máa dúró ronú, a kàn máa sáré wọ yàrá ni, ká wo ohun tó wà níbẹ̀, ká kú, ká padà. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé ni nǹkan ńlá kan ṣẹlẹ̀: idà ò bá yín lọ, góòlù ò bá yín lọ, àwòrán ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti mọ̀ ò wúlò mọ́, ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbé kúrò lára òkú yẹn ni òye tó wà lórí yín.

Ìgò oògùn ló kọ́kọ́ là mí lójú sí èyí. Nínú Rogue àti ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀, ẹ máa rí ìgò oògùn nílẹ̀, wọ́n á ní aláwọ̀ búlúù ni, wọn ò ní sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Búlúù tó wo ọgbẹ́ yín sàn lánàá lè fọ́ yín lójú lónìí, torí gbogbo àwọ̀ ni wọ́n ti pò pọ̀ tí wọ́n tún pín. Torí náà kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè há a sórí. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń dán nǹkan wò: ẹ mu ún nígbà tára bá le, tí ò sí ọ̀tá nítòsí, tẹ́ ẹ dúró sẹ́bàá àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ lè gbà sá, ìwé ọfọ̀ tẹ́ ẹ bá sì rí irú ẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ìyókù jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀ jù tó máa ń sọ ohun tí nǹkan míì jẹ́. Nínú NetHack, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Rogue, ẹ tiẹ̀ lè gbé nǹkan dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ gbọ́ iye tó máa fi rà á, ẹ ò ní tà á, iye yẹn ni ẹ fẹ́ gbọ́, torí nǹkan tó jọra máa ń jẹ́ iye kan náà, ẹ á ti mọ ẹbí tó ti wá. Ìgbà tí mo mọ ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn èèyàn yìí ti ya wèrè.

Ikú nílé ẹ̀kọ́ tó wà nínú géèmù yìí, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ẹ wo Spelunky, tí Derek Yu kọ́kọ́ gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2008 kí ẹ̀dà tuntun ẹ̀ tó jáde ní 2012. Ọkàn 4 tó jẹ́ ẹ̀mí yín, bọ́ǹbù 4, okùn 4, ohun tí wọ́n fún yín nìyẹn, ó yá, ẹ máa lọ. Ẹni tó ń gbá a bẹ́ sínú kòtò láì wo ìsàlẹ̀, ọfà yọ lára ògiri, ó gbá a sókè, ó ṣubú lé irin ṣóńṣó, ó kú. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló pa á, á ní irin ni, ẹlòmíì á ní ọfà ni, inú á sì bí i sí ẹni tó ṣe géèmù. Àmọ́ ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ló dé tó bẹ́ láì wòlẹ̀? Torí iwin ti ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, nínú ẹ̀dà 2012 yẹn tẹ́ ẹ bá ti lo ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ní ìpele kan iwin máa jáde, ẹ ò lè pa á, tó bá fọwọ́ kàn yín ẹ ti kú. Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Torí ó ti lo bọ́ǹbù ẹ̀ tán lórí góòlù kékeré kan lókè lọ́hùn-ún, nígbà tí ọ̀nà wá dí mọ́ ọn, ó ní láti yí po. Góòlù yẹn ló pa á. Ó ti kú látìgbà tó ti ju bọ́ǹbù tó kẹ́yìn, ara ẹ̀ ni ò tíì mọ̀.

Mo wá sọ ọ́ di àṣà pé tí mo bá ti kú, mi ò ní tẹ bọ́tìnnì lójú ẹsẹ̀, màá kọ́kọ́ wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tí mo kú sí. Ó máa ń wà lókè, níbi tí nǹkan ti ṣì ń dùn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n rí i pé ìgbà tí èèyàn ń borí ló léwu jù. Nígbà tí nǹkan bá le, gbogbo wa la máa ń ronú, a máa ń ka gbogbo ìwé tó wà lápò, a máa ń wo gbogbo ọ̀nà, àmọ́ jẹ́ kí idà kan tó dáa bọ́ sí wa lọ́wọ́, ojú ẹsẹ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, a ò ní ka ohun tí géèmù kọ sójú wa mọ́. Ikú tó ń pa alágẹmọ tó ń yọ́ rìn, áḿbọ̀sì ọ̀pọ̀lọ́ tó ń jan ara ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfipamọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ tú àpò àwọn òkú wọ̀nyí wò, tèmi o, ti ẹlòmíì o, ohun tó lè gbà wọ́n là wà níbẹ̀ tí wọn ò lò. Ìwé ọfọ̀ tó ń gbé èèyàn fò kúrò lójú ogun, oògùn tó ń wo ọgbẹ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi pa mọ́ de ọjọ́ tó máa burú jùyẹn lọ. Ọjọ́ wo ló tún burú ju ọjọ́ tẹ́ ẹ kú? Géèmù míì tí èèyàn lè séèfù níbi gbogbo ò lè kọ́ yín ní èyí, torí níbẹ̀ ẹ lè tọ́jú oògùn ọgọ́rùn-ún títí géèmù á fi parí, kò ṣe nǹkan kan. Ní báyìí, tí ẹ̀mí mi bá ti dé ìdajì tí ẹranko tó wà níwájú mi sì jẹ́ èyí tí mi ò mọ̀, mo ti ń sá lọ nìyẹn, tàbí kí n lo nǹkan. Sísá pàápàá, ó pẹ́ kí n tó gbà pé sísá wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní gbígbá dáadáa.

Àwọn kan á ní àwọn ò ní ọwọ́ yíyára. Ẹ ò nílò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù yìí, ẹ tẹ nǹkan kan, ọ̀tá náà á ṣe tiẹ̀, ẹ lè lọ wẹ̀ kẹ́ ẹ tó padà wá tẹ èkejì, kò sẹ́ni tó ń lé yín. Nínú FTL, tí Justin Ma àti Matthew Davis ṣe tó jáde ní 2012, ọkọ̀ òfuurufú lẹ̀ ń darí, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń lé yín bọ̀ láti ẹ̀yìn, ogun á le, iná á máa jó nínú ọkọ̀, àmọ́ ẹ lè dá gbogbo ẹ̀ dúró gbári kẹ́ ẹ ronú bó ṣe wù yín. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun kan tí inú mi ṣì ń dùn sí di òní: tí àwọn ọ̀tá bá já wọ inú ọkọ̀ yín, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ò sì lè jà, ẹ ṣí àwọn ilẹ̀kùn tó jáde sí òfuurufú, kí afẹ́fẹ́ tán ní yàrá tí wọ́n wà, kẹ́ ẹ kó àwọn tiyín sá síbi tí afẹ́fẹ́ ṣì wà. Iná náà á kú, ọ̀tá náà á kú. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ fún yín gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, ilẹ̀kùn kàn wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kàn wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa so wọ́n pọ̀.

Slay the Spire lèyí tó gba àkókò mi jù, ẹ má bi mí pé wákàtí mélòó. Ilé iṣẹ́ Mega Crit ló ṣe é, àwọn èèyàn ti ń rà á gbá láti ìparí 2017 kó tó jáde tán ní 2019. Káàdì lẹ fi ń jà. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kò fi nǹkan pa mọ́ fún yín: kí ọ̀tá tó gbé ọwọ́ sókè, géèmù ti kọ ọ́ sí i lórí pé ẹ̀mí 18 ló fẹ́ gbá kúrò lára yín, tàbí pé ó fẹ́ dáàbò bo ara ẹ̀. Ẹ wá fi ojú ara yín wo ikú yín kó tó dé. Kò sí pé ẹ ò mọ̀. Ọ̀gá kan wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gremlin Nob, tẹ́ ẹ bá ti lo káàdì ààbò tàbí káàdì ọgbọ́n kankan lójú ẹ̀, agbára ẹ̀ á máa pọ̀ sí i, torí náà ẹni tó bá ti ń to káàdì ààbò jọ látìbẹ̀rẹ̀ torí ó rò pé ìyẹn lọ́gbọ́n nínú, Nob á fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ogun, wọ́n á fi káàdì mẹ́ta hàn yín pé kẹ́ ẹ mú ọ̀kan, àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á máa mú ṣáá, ọ̀fẹ́ ṣáà ni. Ó wá yé mi nígbà tó yá pé gbogbo káàdì tí mo bá mú ló ń jẹ́ kí èyí tó dáa jù lọ́wọ́ mi pẹ́ kó tó yọ, pé kíkọ̀ ọ́ sílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń yàn. Tẹ́ ẹ bá dé ibi ìsinmi náà, ẹ fẹ́ sùn kí ẹ̀mí yín gòkè díẹ̀ àbí ẹ fẹ́ pọ́n káàdì kan kó mú sí i? Ẹ ò lè ṣe méjèèjì. Mo ti jókòó síwájú ìbéèrè yìí títí tí tíì mi fi tutù. Tẹ́ ẹ bá wá borí, wọ́n á ṣí ìpele ìnira kan, ó wà títí dé 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan kékeré kan kún ìyà yín.

Ibi tí èmi àti àwọn míì ti máa ń jà rèé. Ọ̀pọ̀ géèmù tuntun ló ti fi ohun tí òkú ń fún alààyè kún un. Nínú Rogue Legacy, 2013, tẹ́ ẹ bá kú, ọmọ yín ló máa gba ogún, góòlù tẹ́ ẹ rí á fi kọ́ ilé, ilé á fún gbogbo ìran tó ń bọ̀ lágbára. Ó dùn, mi ò parọ́. Àmọ́ nígbà tí mo borí ọ̀gá tó ti ń dà mí láàmú, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo mọ̀ ọ́n gbá sí i àbí ọkùnrin yẹn kàn ti sanra sí i. Ìbéèrè yẹn ba adùn ẹ̀ jẹ́ fún mi. Nínú èyí tí ò fún yín ní nǹkan kan, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá borí, ẹ mọ̀ pé ọkùnrin tó wọlé lónìí ò lágbára ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, orí tó ń darí ẹ̀ ló yàtọ̀. Hades tó jáde ní 2020 ni mo yọ sílẹ̀ díẹ̀, torí ó rí iṣẹ́ míì fún ikú ṣe: Zagreus, ẹni tẹ́ ẹ̀ ń darí níbẹ̀, fẹ́ sá kúrò nílé bàbá ẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá kú ló ń padà sínú ilé yẹn, àwọn ará ilé á ní ọ̀rọ̀ tuntun láti bá a sọ, ìtàn á lọ síwájú, títí á fi dé ibì kan tẹ́ ẹ tiẹ̀ máa fẹ́ kú kẹ́ ẹ lè gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n tún fi God Mode sí i, ẹni tó bá tàn án, ìyà tó ń jẹ ẹ́ máa dín ní ìdá 20 nínú 100, gbogbo ìgbà tó bá kú ó tún dín ní 2 sí i. Àwọn kan ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò rí ohun tó kàn wọ́n níbẹ̀, géèmù ẹni ni.

Ìnira kan wà tí mi ò lè gbèjà ṣá o. NetHack, tó ti wà láti 1987, kún fún ohun tó máa pa yín lẹ́ẹ̀kan náà láì sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Ohun kan wà níbẹ̀, floating eye, ẹyinjú kan tó kàn léfòó síbẹ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Tẹ́ ẹ bá fi idà gbá a, ara yín á kú tipiri, ẹ ò ní lè mira fún ìgbà pípẹ́, ohunkóhun tó bá ń kọjá lọ á wá jẹ yín. Ta ló fẹ́ mọ ìyẹn láìkú? Àmọ́ ẹ jù ú ní ọ̀bẹ láti òkèèrè, ó kú, ẹ jẹ òkú ẹ̀, ẹ ti di ẹni tó lè fi ọkàn rí àwọn ẹlẹ́mìí tó wà ní ìpele yẹn nígbà tí ojú bá di. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka àṣírí ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, èmi náà kà á, torí ayé kúrú. Àwọn tó ṣe é sì ní nǹkan kan tó dùn mọ́ mi gan-an: òkú yín lè wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kú ní ìpele kan, ìrìn míì lè bọ́ sí ìpele yẹn gan-an, ẹ máa bá òkìtì ẹrù yín nílẹ̀ pẹ̀lú iwin yín tó ń ṣọ́ ọ, ọ̀pọ̀ nínú ẹrù náà sì ti gba èpè. Ẹni iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, àfi pé ẹ̀yin náà ni ẹni iwájú, ẹ̀yin náà ni ará ẹ̀yìn.

Lọ́dún 2008 àwọn kan péjọ ní Berlin nílẹ̀ Jámánì, wọ́n kọ ohun tó yẹ kí géèmù ní kí wọ́n tó lè pè é ní roguelike sílẹ̀, wọ́n ṣì ń jà lé e lórí títí di báyìí. Èmi ò dá sí i jàre. Àwọn tó ń bójú tó Dungeon Crawl Stone Soup, géèmù roguelike míì, ló wù mí, torí ọ̀bẹ ló wà lọ́wọ́ wọn, ohunkóhun tí ò bá mú ìpinnu gidi wá ni wọ́n ń gé sọnù, wọ́n tiẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ ebi àti oúnjẹ kúrò pátápátá ní ẹ̀dà 0.26. Àwọn kan bínú. Mo rò pé wọ́n ṣe dáadáa, ìnira yàtọ̀ sí wàhálà, kí èèyàn máa tẹ bọ́tìnnì jẹun kò fi kún ọgbọ́n ẹnikẹ́ni.

Ẹ má gbá a nígbà tó bá ti rẹ̀ yín o. Ọ̀kan péré sí i, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jí oorun gbé, ẹni tó bá sì fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ ìrìn tuntun, kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò láì náwó, Shattered Pixel Dungeon ni kẹ́ ẹ gbé sórí fóònù Android. Oleg Dolya ló ṣe Pixel Dungeon, ó ṣí kóòdù ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, Evan Debenham wá mú un, ó sọ ọ́ di Shattered lọ́dún 2014, ó ṣì ń fi nǹkan kún un. Ìpele 26, bíi ti Rogue, Amulet of Yendor ló wà nísàlẹ̀. Ẹ fi Warrior, ìyẹn jagunjagun, bẹ̀rẹ̀. Tí ẹranko kan bá ń lé yín, ẹ gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bó bá ṣe ń wọlé kẹ́ ẹ gbá a, kò ní tíì rí yín, kò ní lè yẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá àkọ́kọ́ wà ní ìpele 5, Goo lorúkọ ẹ̀, omi tó wà nílẹ̀ máa ń wò ó sàn, torí náà ẹ fà á jáde kúrò lórí omi, nígbà tó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ sá kúrò nítòsí ẹ̀, ẹ má gbìyànjú àtigbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ máa gbìyànjú ẹ̀ náà ni, mo mọ̀.